Ọtí Àríyá Wa: Ìkòkò Mẹ́wàá Sàn Ju Àgbá Méjì Lọ



Ọ̀rọ̀ ọtí àríyá ìparí ọdún ni ó gbé mi dé ojú ìwé yìí. Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ni ó fọwọ́ sí i pé owó kíréètì bíà ti ga ju àpò ẹ̀ka wa lọ, pé kí á pọn ọtí fúnra wa lọ́dún yìí. Lórí èyí, ohùn mi ṣọ̀kan pẹ̀lú tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan dìde pé kí á ra àgbá méjì onílítà 200, kí á gbé gbogbo iṣẹ́ náà fún ẹnì kan, kí ó pọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọ̀rọ̀ parí. Ibẹ̀ ni ọ̀nà èmi àti wọn ti yà.

Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tí ń tijú lóhùn. Wọ́n ní kí ni àlejò yóò wí bí a bá gbé bùrùkùtù síwájú rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries kọ́kọ́ gbé ọtí Star jáde ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 1949, ọkà bálì òkè òkun ni bíà ń lò. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá fi òfin de kíkó ọkà bálì wọlé láti ọdún 1988, kí ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá náà sá lọ bá? Ọkà bàbà ni, àti àgbàdo. Ohun tí àwọn ìyá Berom àti àwọn ìyá tiwa ti ń fi ọwọ́ ṣe nínú àgbàlá láti ayébáyé, òun ni àwọn ọ̀mọ̀wé aláṣọ funfun wá jókòó tí wọ́n ń kọ́. Èmi kò rí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Fún àwa tí a kò mọ̀ ju kí á gbé igbá sẹ́nu lọ, bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. A ó rẹ ọkà bàbà sínú omi di ọjọ́ kejì, a ó tẹ́ ẹ sórí àpò tútù, a ó bò ó kí ó hù fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. A ó sá a sóòrùn kí ó gbẹ, a ó fi ọwọ́ ra á kí èhù àti gbòǹgbò rẹ̀ já kúrò, a ó fẹ́ ẹ, a ó sì lọ̀ ọ́. A ó pò ó mọ́ omi, àwọn mìíràn a máa fi gàárì kún un, yóò sì kan fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni a ó sè é fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, a ó sì tún fi sílẹ̀ di ọjọ́ méjì kí ó tó ṣeé mu. Bùrùkùtù nìyẹn. Àgbàdo ni ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ilé wa. Agbára ọtí inú bùrùkùtù lè jẹ́ 3 sí 6 nínú 100, bíà inú ìgò kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ọtí ọmọdé.

Ẹ padà wo ibi tí mo ti ní kí á fi ọwọ́ ra èhù kúrò. Kì í ṣe nítorí adùn nìkan. Inú èhù àti gbòǹgbò ọkà bàbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni májèlé tí à ń pè ní sáyánáìdì ti máa ń jáde, ó sì pọ̀ níbẹ̀ ju inú hóró rẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ bi Fúlàní darandaran léèrè, yóò sọ fún yín pé màlúù tí ó bá jẹ ewé ọkà bàbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lè ṣubú kú. Ọwọ́ tí àwọn ìyá wa fi ń ra á, àti iná tí wọ́n fi ń sè é pẹ́, ni ó ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tí ó pọn ìkòkò méjì yóò ráyè ra ọkà rẹ̀. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ àgbá méjì, tí ọjọ́ àríyá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ṣé yóò jókòó ti àpò ọkà kí ó máa ra á ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́? Inú ẹ̀rọ ni yóò da gbogbo rẹ̀ sí, tèhù tèhù.

Ooru àti òtútù tún ń bẹ. Ìkòkò amọ̀ tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí iná nírọ̀lẹ́ yóò ti tutù kí ilẹ̀ tó mọ́. Àgbá onílítà 200 yóò ṣì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ọjọ́ kejì, nínú lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn sì ni ọtí ti ń bàjẹ́. Bí ìkòkò kan bá bàjẹ́ nínú mẹ́wàá, a ó dà á nù, a ó sì máa jó lọ. Bí àgbá kan bá bàjẹ́ nínú méjì ńkọ́? Ìlú Jos yìí sì ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 ju ojú òkun lọ. Ọyẹ́ oṣù Kejìlá tí ó ń mú wa gbọ̀n ń mú ọtí náà pẹ́. Ìkòkò ṣeé gbé sún mọ́ ìdí ààrò, ta ni yóò gbé àgbá? Ẹni tí ó bá sì kánjú dé ọtí tí kò tíì ru tán mọ́ inú kẹ́ẹ̀gì pinpin, kí ó múra, nítorí yóò bẹ́ mọ́ ọn lójú.

Ní ti àgbá fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́ ti ẹni tí ń tà á. Èmi ni mo ń ta kẹ́ẹ̀gì àti àgbá, ẹgbẹ́ ì bá sì rà á lọ́wọ́ mi, èrè ni fún mi. Ṣùgbọ́n àgbá tí ẹ rí lọ́jà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a ti lò rí. Òmíràn gbé epo, òmíràn gbé oògùn apakòkòrò, òmíràn gbé ohun tí èmi tí mo ń tà á kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọṣẹ àti omi gbígbóná kò lè yọ ọ́ kúrò lára ike. Èyí tí ó jẹ́ páànù, ọtí kíkan yóò jẹ ẹ́, yóò sì pò ó mọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi pọn omi ìkọ́lé, kí ó wá.

Àwọn kan ti ń fi ọ̀ràn Ìrèlè dẹ́rù bà wá. Òótọ́ ni pé ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ojú àwọn ènìyàn fọ́ ní agbègbè Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n sì ń kú. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó bínú, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé methanol ni ó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ògógóró ni, kì í ṣe bùrùkùtù. Ọ̀tọ̀ ni ọtí tí a gba ooru rẹ̀ lórí iná, ọ̀tọ̀ ni èyí tí a kàn mú kan. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó mu ún kò mọ ọwọ́ tí ó ti gbà kọjá. Bí ìyá márùn-ún tí a mọ ilé wọn bá pọn tiwa, olúkúlùkù yóò ṣọ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí á má gbàgbé àwọn ará wa Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ nínú wa. Kí á má fa owó ọtí yọ nínú owó oṣù wọn. Kí àwọn tí ń mu ún dá owó rẹ̀, kí àpò ẹgbẹ́ san ti kùnú àti oúnjẹ tí gbogbo wa yóò jẹ.

Mo tún gbọ́ tí ẹnì kan ní kí á fi kẹ́ẹ̀gì méjì ránṣẹ́ sí àwọn ará wa ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò. Ó tì o! Òfin Ṣàríà ń bẹ níbẹ̀ láti ọdún 2000, ìgò bíà tí ó tó 240,000 ni àwọn Hisbah fọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Ta ni yóò bá awakọ̀ náà sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá dá a dúró? Àwọn ará wa níbẹ̀ kò sì bẹ̀ wá níṣẹ́ yìí.

Ohun tí n óò gbé síwájú ìpàdé nìyí: ìkòkò amọ̀ mẹ́wàá onílítà 40, ìyá márùn-ún, ìkòkò méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí á fún wọn ní owó ọkà, owó igi àti owó iṣẹ́ ní ọwọ́ kan náà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 ṣáájú àríyá nítorí ọyẹ́. Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ mi ní ìsọ̀ mi. Ìyá mẹ́ta ti fi orúkọ sílẹ̀, à ń wá méjì sí i.