Ìgò Tó Dé Pinpin Kò Sọ Ọbẹ̀ Di Èyí Tí Kò Léwu



Ẹni tó bá ní kí ẹ fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú ìgò ọbẹ̀, kí ẹ wá gbé e sórí pẹpẹ, ẹ má gbọ́ tirẹ̀! Kòkòrò àìfojúrí kan wà, Clostridium botulinum: ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí gan-an ló ti ń gbèrú, tó sì ń tu májèlé. Omi híhó lásán kì í pa irúgbìn rẹ̀. Májèlé náà lè má rùn, ó sì lè má ba adùn ọbẹ̀ jẹ́.

Bí ìpéǹpéjú ẹnì kan bá ń wálẹ̀, tó ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tí ahọ́n rẹ̀ wúwo, ilé ìwòsàn kíákíá! Ó lè dí èémí.

Gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa ni kí ẹ fi ẹ̀rọ náà dì; kòkòrò ẹ̀wà kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Ọbẹ̀, ẹran àti ẹja, inú fíríìjì tàbí fírísà ni ààyè wọn.

Ẹ ní iná ò sí? Ẹ se ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán. Ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù kò tó ẹ̀mí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.