Bébà Kọ́ Ni Eléré

Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń ṣàárò káàdì béèsìbọ́ọ̀lù ìgbà èwe wọn kò ṣẹ̀ wá. Bébà líle kékeré ni, àwòrán eléré lójú, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n ń dì pọ̀ mọ́ ṣingọ́ọ̀mù fún ọmọdé. Ta ni kì í ṣàárò èwe rẹ̀? Ohun tí a ń bá wọn jà sí ni pé wọ́n ti sọ owó orí káàdì di òṣùwọ̀n ẹni tí ó mọ eré náà í ṣe.

Ní oṣù kẹjọ 2022, ẹnì kan san mílíọ̀nù 12.6 dọ́là lórí káàdì Mickey Mantle kan ṣoṣo tí Topps tẹ̀ ní 1952. Akọni ni Mantle, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n Sy Berger, tí ó ṣètò káàdì ọdún náà, ròyìn pé ní 1960 ni àwọn kó èyí tí kò tà dà sínú òkun Àtìláńtíìkì. Òkun ni ó sọ bébà di ọ̀wọ́n! Nígbà tí wọn kò rí ẹni rà á, ṣé Mantle kò mọ eré í ṣe nígbà náà ni?

Inú ọ̀wọ́ káàdì kan náà ni ti Minnie Miñoso wà, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gbá fún White Sox ti Chicago. Ọmọ Kúbà ni, ará agbègbè Matanzas, níbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà wa títí di òní. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún 1951, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó dúró gbá fún wọn, ó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà. Nínú eré ọjọ́ náà gan-an ni Mantle gbá irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní líìgì ńlá. Nígbà tí ọdún parí, ìwọ̀n Miñoso jẹ́ 326 nínú ẹgbẹ̀rún. Ti Mantle, 267. Lóòótọ́, Mantle ta á yọ lẹ́yìn náà. Ṣé ìyẹn tó ìdí tí ó fi di oṣù kejìlá 2021 kí wọ́n tó dìbò fún Miñoso láti wọ Gbọ̀ngàn Ọlọ́lá ní Cooperstown? Ó ti kú láti 2015. Kí ni òkú fẹ́ fi oyè ṣe?

Wọn a ní káàdì ni ìrántí eré náà. Ìrántí ta ni? Josh Gibson kú ní oṣù kìn-ín-ní 1947, kò tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn líìgì ńlá fún Jackie Robinson. Líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó ti lo ayé rẹ̀, àwọn tí ń tẹ káàdì ṣingọ́ọ̀mù nígbà náà kò sì tẹ tirẹ̀. Ní 2024 ni àwọn aláṣẹ eré náà tó ka iṣẹ́ líìgì yẹn mọ́ iṣẹ́: 372 nínú ẹgbẹ̀rún ni Gibson, ó borí 367 ti Ty Cobb. Ẹni tí ó ga jù lọ nìyí, kò sì sí ọmọdé tí ó bá a pàdé nínú ṣingọ́ọ̀mù. Wọ́n gbà á sí Cooperstown ní 1972. Ibojì rẹ̀ ní Pittsburgh kò sì ní àmì kankan títí di 1975.