Òfin Owó Yíyá fún Àwọn Oníṣẹ́ Kéékèèké: Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó la ọ̀nà òwò fún ẹ̀dá, tí ó sì ti ilẹ̀kùn èlé. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, ẹni tí àwọn ará Mẹ́kà ti ń fọkàn tán nínú òwò kí iṣẹ́ òjíṣẹ́ tó dé bá a.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìdírókò láti Sàngó lọ sí Ọ̀tà yóò rí ògiri gíga àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá àti ọkọ̀ akẹ́rù tí ń wọlé tí ń jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ògiri wọ̀nyí nìkan ni iṣẹ́ wà. Àwọn ajórin, àwọn aránṣọ, àwọn oníbúrẹ́dì, àwọn tí ń mọ búlọ́ọ̀kù àti àwọn tí ń rọ omi sínú ọ̀rá náà ń gba ọ̀dọ́ síṣẹ́, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé báǹkì ni ó máa ń wá iléeṣẹ́ ńlá kiri, nígbà tí oníṣẹ́ kékeré ń wá báǹkì kiri. Nítorí náà, òfin èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣe ní Àbújá lórí owó yíyá fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké, ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni fún Mùsùlùmí Sàngó-Ọ̀tà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí ó ń dele Ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí òfin méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí òfin wọ̀nyí tó dé, ilẹ̀ tàbí ilé tí ó ní ìwé ni báǹkì sábà máa ń béèrè kí wọ́n tó yá ènìyàn lówó. Òfin àkọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun tí ó tọ́ kí oníṣẹ́ fi ẹ̀rọ rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àní gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ pàápàá, ṣe ìdógò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ kan tí ó wà lábẹ́ Báǹkì Àpapọ̀. Èkejì ṣètò bí a ó ṣe máa kó ìtàn owó yíyá àti owó sísan àwọn ènìyàn jọ, kí ẹni tí ó ń san gbèsè rẹ̀ lè di ẹni tí a mọ̀.

Islam kò lòdì sí ìdógò. Sūratul Baqarah, āyat 283, sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, Ànábì fúnra rẹ̀ sì fi ẹ̀wù irin rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ Júù kan ní Mẹ̀dínà nítorí ọkà báálì. Ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òfin yìí tún ìdógò ṣe, kò sì fọwọ́ kan èlé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èlé tí àwọn báǹkì ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà sì sábà máa ń ga ju ìyẹn lọ. Bí ajórin bá yá mílíọ̀nù kan náírà ní èlé ìdá ọgbọ̀n, yóò san ₦300,000 lé ojú owó lọ́dún, ìbáà jẹ́ pé iná wà tàbí kò sí, ìbáà jẹ́ pé oníbàárà san owó tàbí ó sá lọ. Bí kò bá rí i san, òfin kan náà ni ó fún olówó lágbára láti kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ Al-Qur'an Alápọ̀n-ọ́nlé pàṣẹ pé kí wọ́n fún onígbèsè tí ìnira bá ní àsìkò. Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ ohun tí ń jẹ́ ìwọ̀fà: iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún olówó ni èlé, ojú owó kò sì ní dín kù bí ó ti wù kí ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà tó. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọọdún láti san èlé nìkan kò jìnnà sí ìwọ̀fà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀sìn la ọ̀nà mìíràn sílẹ̀: kí olówó mú owó wá, kí oníṣẹ́ mú iṣẹ́ wá, kí wọ́n pín èrè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe àdéhùn. Bí àdánù bá dé láìsí ẹ̀ṣẹ̀ oníṣẹ́, olówó pàdánù owó, oníṣẹ́ pàdánù làálàá rẹ̀. Irú òwò bẹ́ẹ̀ ni Ànábì fi owó Khadījah ṣe lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Báǹkì sì tún lè ra ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kí ó tà á fún oníṣẹ́ ní iye tí àwọn méjèèjì mọ̀, kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀ láìsí àfikún nígbà tí ó bá pẹ́.

Èyí kì í ṣe àjèjì sí ìjọba. Ní ọdún 2017 kan náà ni Ìjọba Àpapọ̀ fi sukuk, ètò owó tí kò ní èlé nínú, kó ₦100 bílíọ̀nù jọ fún ṣíṣe ọ̀nà. Jaiz Bank ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2012, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀lé e. Bí ọ̀nà mọ́tò bá ṣeé ṣe láìsí èlé, ẹ̀rọ ìjórin náà ṣeé rà láìsí èlé.

Àléébù ibẹ̀ ni pé ìlànà Báǹkì Àpapọ̀ ni ilẹ̀kùn yìí dúró lé fún oníṣẹ́ kékeré. Ní ọdún 2013 ni Báǹkì Àpapọ̀ ya ₦220 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún wọn ní èlé ìdá mẹ́sàn-án. Ní ọdún 2020 ni ó gbé ìlànà jáde fún àwọn báǹkì tí kì í gba èlé láti kópa nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó fi di òpin ọdún 2023, ó kéde pé òun ń yọwọ́ kúrò nínú pípín irú owó bẹ́ẹ̀ tààrà. Ohun tí ìlànà gbé wá, ìlànà lè gbé e lọ. Nítorí náà, àbá òfin èyíkéyìí tí ó bá wọ iwájú àwọn aṣòfin àpapọ̀ lórí owó àwọn oníṣẹ́ kéékèèké gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú òfin gan-an pé ìpín kan nínú owó náà yóò jẹ́ ti àjọpín èrè àti àdánù tàbí ti títa ohun èlò láìsí èlé.

Àwọn kan yóò ní Mùsùlùmí fẹ́ sọ owó ìjọba di ti ẹ̀sìn rẹ̀, bí ariwo náà ti lọ ní ọdún 2011 nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé ìlànà báǹkì aláìgbèlé jáde. Ìdáhùn rẹ̀ kò le. A kì í béèrè ẹ̀sìn ẹni tí ó fẹ́ rà tàbí tí ó fẹ́ ṣe àjọpín. Kìrìsìtẹ́nì tí èlé ń pa lára lè gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ owó elélé, ẹnikẹ́ni kò ti ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà tí kò yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí gbójú fò. Nínú ètò kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001, àwọn báǹkì Nàìjíríà gbà láti ya ìdá mẹ́wàá èrè wọn sọ́tọ̀ kí wọ́n lè bá àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké dòwò pọ̀ gẹ́gẹ́ bí alábàápín. Kò sí orúkọ ẹ̀sìn lára rẹ̀, síbẹ̀ ó súnmọ́ ohun tí Sharia fẹ́. Owó náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ bí ó ti yẹ. Àwọn báǹkì ń bẹ̀rù ewu. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ pẹ̀lú kò ní ìwé ìṣirò, àwọn mìíràn kò sì fẹ́ kí alábàápín kankan mọ èrè tí wọ́n ń jẹ. Ẹni tí ó bá gba owó elélé lè fi èrè rẹ̀ pamọ́, nítorí olówó kò béèrè ju èlé rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ àjọpín kò gbọ́dọ̀ fi kọ́bọ̀ kan pamọ́. Òfin lè ṣí ilẹ̀kùn. Àmánà nìkan ni ó lè mú kí ó wà ní ṣíṣí.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni ó wà nílẹ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kọ̀wé sí aṣojú Adó-Odò/Ọ̀tà àti sí sẹ́nátọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ó wà nínú òfin, kí wọ́n má sì dúró di ìgbà tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i tán. Kí olúkúlùkù ọ̀dọ́ tí ó ní ṣọ́ọ̀bù sì ra ìwé kan lónìí, kí ó máa kọ owó tí ó wọlé, owó tí ó jáde àti gbèsè tí ó wà níta, gẹ́gẹ́ bí Sūratul Baqarah, āyat 282, ti pàṣẹ pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀. Kí àwọn mọ́sáláṣí tí ó ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kọ́ wọn bí a ti ń ṣe é.

Kí Ọlọ́hun fi ọ̀nà ẹ̀tọ́ tó àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, kí Ó má ṣe jẹ́ kí èlé jẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àmín.