Òjò Ti Rọ̀ Lókè

Ìlú Ọ̀dà la ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, nínú oṣù kẹsàn-án. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kún búùtù ọkọ̀ débi pé okùn ni wọ́n fi so ó. Oòrùn ń ràn, òjò ò sì kán sí wa lára láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibi afárá kékeré kan lọ́nà Àkúrẹ́, omi pupa ti bò ó mọ́lẹ̀, ó ń sáré kọjá lórí títì bí ẹni pé òun ló ni ín.

Dẹ́rẹ́bà fẹ́ kọjá. "Kò jìn. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibí." Bàbá àgbẹ̀ kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, àdá lábẹ́ abíyá, ò bá a jiyàn. Ó ṣẹ́ igi kan, ó rì í mọ́lẹ̀ létí omi, ó ní, "Ọmọ mi, wo igi yìí ná." Kí dẹ́rẹ́bà tó mu píọ̀ wọ́tà ọwọ́ rẹ̀ tán, igi náà ti wà láàárín omi.

"Òjò ti rọ̀ lókè," ni bàbá wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń rìnrìn àjò mú dání. Ojú ọ̀run tó wà lórí yín kọ́ ló ń sọ bí odò iwájú yín ṣe rí. Ẹ wo odò Àlà. Láti apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Àkúrẹ́ ló ti ń bọ̀, ó la ìlú já, ó forí lé gúúsù ìlà-oòrùn. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 57, bíi 15 nínú rẹ̀ ló sì wà láàárín ìlú. Nígbà tí igbó ṣì wà létí rẹ̀, ilẹ̀ a máa fa òjò mu díẹ̀díẹ̀. Ní báyìí, páànù àti sìmẹ́ńtì ló gba ibẹ̀, ìdọ̀tí tiwa fúnra wa sì dí gọ́tà. Omi ò ríbi wọ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ á wá rọ́ lu odò lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ọmọdé fẹsẹ̀ là kọjá láàárọ̀ lè gbé ọkọ̀ akérò lọ nírọ̀lẹ́.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò wò. Àwọn dẹ́rẹ́bà wa, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń tàn wọ́n ni pé mọ́tò wúwo. Ó wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, bí agbè. Omi tó ń ṣàn tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, tí kò tíì kan orúnkún àgbàlagbà, lè gbé mọ́tò kékeré kúrò lójú ọ̀nà. Bó bá di 60, jíìpù pàápàá ń bá a lọ. Ní ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, 15 péré tó ń sáré ti tó láti gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi pupa ò sì ní í jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá títì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí odò bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni "òkè" tí bàbá ń wí ṣe ń jìnnà sí i. Ẹni tó wọkọ̀ l'Ákùúrẹ́ tó ń lọ sí Àbújá yóò kọjá ní Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Láti Guinea ni Ọya ti ń bọ̀, Bẹ́núé sì ti Kamẹrúùnù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, omi bo ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá ní agbègbè Koton-Karfe. Ọkọ̀ àjàgbé àti táńkà epo há síbẹ̀, ọjọ́ ń gorí ọjọ́, títí epo fi wọ́n l'Ábújá. Àkúnya omi ọdún yẹn pa èèyàn tó ju 600 lọ jákèjádò Nàìjíríà. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, ó kan Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger, ìlú ọjà tí àwọn oníṣòwò wa ti ń ra oúnjẹ òkè Ọya. Omi ká wọn mọ́lé, èèyàn tó ju 200 ló bá a lọ.

Nítorí náà, oríṣi méjì ni dídúró. Odò kékeré bíi tiwa, bó ṣe ń yára kún náà ló ń yára fà: wákàtí díẹ̀, àgbàdo sísun méjì, ẹ ti kọjá. Ọya ò mọ ìyẹn. Ó lè lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí títì. Ẹni tó bá ń lọ sókè Ọya láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, kó tó sanwó ọkọ̀ ni kó ti wádìí. Àjọ NiMet ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún, àjọ NIHSA sì ń dárúkọ àwọn agbègbè tí omi lè ya. Rédíò ń kà á, àwa la máa ń yí i kúrò níbẹ̀ lọ sórí bọ́ọ̀lù. Èyí tí mo fọkàn tán jù ni kí ẹ pe ẹni tó ń gbé níwájú lọ́hùn-ún, kí ẹ bi í bóyá ọ̀nà ṣì ṣeé gbà. Ẹ fi 122 ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti 112 ti pàjáwìrì sínú fóònù. Bí omi bá ti ká yín mọ́ inú ọkọ̀, ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ yọ gíláàsì sílẹ̀ kí iná mọ́tò tó kú, ẹ jáde, ẹ gun ibi gíga. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni òjò pa tí Ṣàngó ò pa, kó máa dúpẹ́. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, abẹ́ igi kọ́ ni ibi ìsádi. Bí mànàmáná bá kọ, tí àrá sì sán kí ẹ tó ka 30, inú ilé tàbí inú mọ́tò onírin ni kí ẹ sá sí, kí ó sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá ìkẹyìn kí ẹ tó jáde.

Àmọ́ ta ni yóò dá dẹ́rẹ́bà dúró? Ó ní iye tó gbọ́dọ̀ san fún olówó ọkọ̀ lálẹ́. Bí èrò bá tún ń pòṣé lẹ́yìn rẹ̀, yóò wọ omi. Lọ́jọ́ Ọ̀dà yẹn, ìyá tó jókòó tì mí ló sọ̀rọ̀: "Dẹ́rẹ́bà, a ò kánjú. Paná ọkọ̀." Àwa yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò wá nínú dígí, ó pa á. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí bàbá fi àdá nàka sí igi rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ti hàn, ẹrẹ̀ sì ti fàlà sí i lára, ó tó mi dé orúnkún.