A Kì Í Kọ́ Àká Mìíràn Nítorí Háhá



Ní ìpàdé tó kọjá, bureau ẹgbẹ́ ní kí a fọwọ́ sí owó tuntun. Wọ́n ní ilé tí site ẹgbẹ́ ń gbé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti há, pé 45.000 F CFA tí à ń san lọ́dún kò tó mọ́, kí a gba èyí tó jẹ́ 90.000. Ọ̀pọ̀ èèyàn nawọ́ sókè. Àwa mélòó kan tí a ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kò nawọ́. Wọ́n bi wá pé ṣé a ò fẹ́ ìlọsíwájú ni. A fẹ́ ẹ. Ohun tí a ò fẹ́ ni kí a máa sanwó fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n.

Nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́, bí awakọ̀ bá ní epo ti tán, a kì í fún un ní bon d'essence mìíràn títí yóò fi gbé carnet de bord wá. Ibo lo lọ? Kìlómítà mélòó lo rìn? Kì í ṣe pé a pè é lólè. Owó ìlú ni, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé.

Site wa náà ní carnet de bord. Ilé àyágbé ni ó wà: onílé kan ní ẹ̀rọ ńlá, ó pín in fún ọ̀pọ̀ ayálégbé. Ó fún kálukú ní ìwọ̀n àyè tó lè kó ẹrù sí, ìwọ̀n ohun tó lè wọlé tó sì lè jáde lóṣù, tí wọ́n ń pè ní bande passante, àti ìwọ̀n agbára ẹ̀rọ tó lè lò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kọjá ìwọ̀n tirẹ̀, onílé á dá a dúró kó má baà pa àwọn yòókù lára. Kò burú. Ṣùgbọ́n onílé kan náà fi ojú ìwé kan síbẹ̀ tó ń fi gbogbo ìwọ̀n yìí hàn. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé kí a tó kà á tán. Látìgbà tí a ti ń sanwó, kò sí ẹnì kan nínú bureau tó ṣí i rí.

A ní kí wọ́n ṣí i lójú wa. Àyè GB 10 la yá. 9,6 ti kún. Kí ló kún un? Ìwé wa, fọ́tò wa àti ohùn àwọn àgbà wa kò ju GB kan àbọ̀ lọ. Àdàkọ mẹ́fà tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò pa rẹ́, kó ju GB 7 lọ. Ìyókù jẹ́ lẹ́tà àtijọ́ àti àkọsílẹ̀ àṣìṣe ẹ̀rọ. Èyí tó burú jù ni pé inú ilé kan náà ni àdàkọ wọ̀nyí wà. Bí iná bá jó ilé, ṣé kò ní jó ẹrù àti àdàkọ rẹ̀ pọ̀?

A tún wo àwọn àlejò. Láàárín aago kan sí mẹ́rin òru ni èrò pọ̀ jù. Ta ló ń ka oríkì ní aago méjì òru nínú wa? Ẹ̀rọ ni wọ́n. Ti Google wúlò, òun ló ń jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí wa. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń kó ọ̀rọ̀ wa lọ, àwọn mìíràn sì ń dán mot de passe wò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń jẹ agbára tí a sanwó fún, tí ọmọ wa tó wà ní Gabon bá wá ṣí site, nọ́ńbà 508 ló ń rí: ìwọ̀n ti kún. A lè dí púpọ̀ nínú wọn lọ́nà láìná kọ́bọ̀. Àwọn baba wa ní Kétu kò kọ́ Àkábà Ìdènà kí wọ́n fi í sílẹ̀ láìní oníbodè.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Àwọn ọ̀dọ́ gba ohùn ìyá arúgbó kan sílẹ̀ tó mọ oríkì ìdílé rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé e sórí site, ó kọ̀, kò sáyè. Títí di òní, inú fóònù kan ṣoṣo ni ohùn yẹn wà. Háhá gba àká, àgbàdo wà ní ìta.

Wọ́n ní onílé fúnra rẹ̀ ló ní kí a gba ńlá. Kò parọ́, ilé kún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta àká kò ní bá ọ ṣa háhá. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni. Ọmọ tó di mot de passe mú, ọmọ wa ni, a ò fẹ̀sùn kàn án. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí. Ẹ̀bi gbogbo wa ni, àwa náà wà níbẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí wọ́n kó àdàkọ jáde sínú disque dur tí akápò yóò tọ́jú, kí wọ́n pa àwọn àtijọ́ rẹ́. Kí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ sí àdéhùn, kí ẹni méjì sì mọ mot de passe. Kí akọ̀wé máa ka ìwọ̀n mẹ́ta yẹn ní gbogbo ìpàdé oṣù, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kí a má fi fáráǹ kan kún owó náà títí a ó fi gbọ́ ìṣirò oṣù mẹ́ta.

Bí oṣù mẹ́ta bá pé, tí ilé ṣì kún fún àgbàdo gidi, àwa la ó kọ́kọ́ nawọ́, àwa la ó sì kọ́kọ́ mówó wá. Ní báyìí ná, ẹ jẹ́ ká gbá àká.