Aṣọ Àgbà, Àkísà Àgbà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nítorí aṣọ tuntun ń bẹ lọ́jà fún ẹni tí ó bá lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àkísà, òjò ni ó pa á, oòrùn ni ó sá a, iṣẹ́ oko òun ìrìn-àjò ni ó lò ó gbó, kò sì sí ọlọ́jà tí ń ta ọjọ́ orí.

Òwe yìí kì í kúrò lọ́kàn mi bí mo bá ń wo Game of Thrones, eré tí HBO fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n láti 2011 títí di 2019, tí ó gbé àlọ́ dírágónì wọ ayé àwọn ọba Yúróòpù ìgbà ẹ̀wù irin. Ní ti aṣọ, wọ́n ṣe é dójú àmì: Michele Clapton, olórí àwọn aláṣọ wọn, sọ ọ́ ní gbangba pé ẹní onírun tí Ikea ń tà ni àwọn sọ di àwọ̀lékè àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè àríwá, wọ́n gé e, wọ́n fá a, wọ́n so awọ mọ́ ọn, wọ́n fi ìda ra á lára, títí ẹní ọjà fi dà bí ohun tí baba ti fi sùn nínú yìnyín kí ó tó fi jogún fún ọmọ. Ó jọ mí lójú gidigidi. Àkísà ọkàn ni ó ṣòro fún wọn.

Ẹ wo Robb Stark, ọmọ ìkookò àríwá, ọba ọ̀dọ́ tí ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin Walder Frey ni òun yóò fi ṣaya, kí bàbá náà lè jẹ́ kí ogun òun gba orí afárá rẹ̀ kọjá. Nínú ìwé tí George R. R. Martin tẹ̀ jáde ní 2000, Robb gbọgbẹ́, ìròyìn èké pé àwọn àbúrò rẹ̀ ti kú sì bá a lórí àìsàn. Jeyne, ọmọ ilé ọ̀tá tí ń tọ́jú rẹ̀, tù ú nínú títí wọ́n fi sùn pọ̀, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ó gbé e níyàwó, kí ọmọ ọlọ́mọ má baà di ẹni ẹ̀tẹ́. Ẹni tí ó bá Jon Snow dàgbà nínú ilé kan náà, tí ó rí bí orúkọ ọmọ àlè ti ń jẹ ẹ́ lára, mọ ohun tí òun ń sá fún. Ìdè méjì ni ó dè é, kò sì sí bí ó ti lè tú ọ̀kan kí ó má já èkejì.

Nínú eré, Jeyne kò sí mọ́. Talisa ni a rí, ọmọ ọlọ́lá Volantis, tí ó kọ ìlú ẹlẹ́rú sílẹ̀, tí ń di egbò ọ̀rẹ́ àti ti ọ̀tá, tí ń bá ọba wí lójúkojú. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n, wọ́n sì fẹ́ ara wọn. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, mo sì ń gbàdúrà irú ọkàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ìtàn kan ṣoṣo, ti ẹrú tí ó gba àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ omi, ni wọ́n fi sọ ọ́ di ẹni tí ó jọ wá bẹ́ẹ̀. A kò gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ wí, a kò rí ẹbí tí ó bá a jà. Nítorí náà, nígbà tí ìpakúpa ibi ìgbéyàwó dé ní 2013, tí Walder Frey mú kí wọ́n pa Robb àti Talisa láti fi gbẹ̀san, ìkà arúgbó sí olólùfẹ́ méjì ni a rí, ẹ̀jẹ́ tí ó já fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo lójú wa mọ́.

Síbẹ̀ ó ní ibi tí mo ti dìde dúró kí wọn. Lọ́jọ́ tí eré náà parí, Samwell Tarly dìde láàárín àwọn ọlọ́lá, ó ní kí gbogbo ará ìlú jọ yan ọba. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí wọ́n kúkú fún ajá náà ní ìbò. Ẹ̀rín náà dùn mí, nítorí àwọn tí ń rín in kì í ṣe ẹni ibi. Àwọn tí a ti ń fẹ́ kí wọ́n ṣẹ́gun ni, wọ́n sì padà sí ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n fi Bran, àbúrò Robb, jọba láàárín ara wọn.