Òrùka Wà Lọ́wọ́, Ẹ̀jẹ́ Ti Bọ́ Sílẹ̀

Ohun kan ń rùn láàrin àwa onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yorùbá, olúkúlùkù sì ń fi ọwọ́ bo imú kọjá lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ọkùnrin tí ó dúró níwájú pẹpẹ, tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ lójú Ọlọ́run àti ènìyàn pé aya kan ṣoṣo ni òun yóò ní títí ikú yóò fi yà wọ́n, tí ó sì tún lọ gba ilé fún obìnrin mìíràn ní òdìkejì ìlú. Òrùka kò kúrò ní ìka rẹ̀. Kì í pa ìsìn jẹ ní ọjọ́ Ìsinmi. Bí a bá ń dá owó ìkórè, orúkọ rẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ pè. N kò mọ orúkọ tí ó yẹ kí a fún irú ìgbàgbọ́ yìí, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé kì í ṣe ti Kristi.

Kí n tó lọ síwájú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò wá bú ẹni tí ó kó aya púpọ̀ jọ ní ìlànà àwọn baba wa. Ẹni náà kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìyálé mọ ìyàwó, ìyàwó mọ ìyálé, àwọn ẹbí mọ gbogbo ọmọ ilé. Bí baálé bá sì kú, àṣà ti ní ọ̀nà tí a ń gbà pín ogún: yálà ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí. Ìgbìmọ̀ adájọ́ tí ó ga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá fi ọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962, nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé tí a gbé lọ síbẹ̀ láti Èkó. Èyí ni pé olórogún ní ètò. Ẹni tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ tí ó sì dà á ni kò ní ètò kankan. Ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ni a óò tó mọ iye ọmọ tí ó bí.

Ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn àgbà kan. Ní 1891, àwọn ènìyàn kan ní Èkó dá ìjọ United Native African sílẹ̀, wọ́n sì gba àwọn tí ó ní ju aya kan lọ mọ́ra. Ní 1917 ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí a lé jáde nítorí ọ̀ràn aya púpọ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n sì dá ìjọ United African Methodist sílẹ̀, èyí tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí Ẹlẹ́ja. Èmi kò gbà pẹ̀lú àwọn àgbà wọ̀nyí lórí ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ohun tí ó wà ní ọkàn wọn ni wọ́n fi ẹnu sọ. Nígbà tí wọn kò lè jẹ́jẹ̀ẹ́ tí ìjọ àtijọ́ ń béèrè, wọ́n jáde ní ọ̀sán gangan, wọ́n sì kọ́ ilé tiwọn. Ọkùnrin tí mo ń bá wí kò jáde, kò sì pa ẹ̀jẹ́ mọ́. Ó fẹ́ ọlá tí ó wà nínú ẹ̀jẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ẹrù rẹ̀.

Ìjọ pàápàá kò bọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n péjọ ní Lambeth pinnu pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tí ó ní ju aya kan lọ. Ó di 1988, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré, kí wọ́n tó gbà pé a lè ṣe ìrìbọmi fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó gbàgbọ́, bí ó bá ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn bá wà láàyè. Ẹ rò ó wò. Odidi ọgọ́rùn-ún ọdún ni a fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ àgbẹ̀ tí kò tí ì gbọ́ nípa Kristi nígbà tí ó gbé aya méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́, tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́, tí ó sì dà á, àga iwájú ni a fi í sí. Ta ni a ń tàn jẹ?

Àwọn kan a máa sọ pé, 'Àṣà wa ni.' Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣà wo ni ó ní kí a fi obìnrin pamọ́ bí ẹrù olè? Níbo ni a ti ń gbé ìyàwó ní ilẹ̀ Yorùbá tí ìdílé kò mọ ìdílé, tí alárinà kò rìn, tí a kò san ìdána? Àwọn ìyá wa tí wọ́n gbé inú ilé olórogún ni wọ́n sì fi òwe sílẹ̀ fún wa pé, 'Òrìṣà jẹ́ kí n pé méjì obìnrin kò dénú.' Àwọn babaláwo pẹ̀lú ní ẹsẹ tí ó kìlọ̀ pé bí aya ti ń pọ̀ sí i nínú ilé ni ìjà ń pọ̀ sí i. Ẹni tí yóò fi àṣà jà, kí ó mú gbogbo àṣà wá, kí ó má ṣe ṣa èyí tí ó dùn mọ́ ọn.

Àwọn mìíràn a ní, 'Ábúráhámù ńkọ́? Jákọ́bù ńkọ́? Dáfídì ńkọ́?' Àwọn tí ń sọ báyìí kò ka ìtàn náà dé òpin. Kí ni ó gbé Hágárì àti ọmọ rẹ̀ dé inú aginjù? Kí ni ó mú kí Léà àti Rákẹ́lì máa du ọkọ bí ẹni ń du ọjà? Ọmọ Dáfídì kan ni ó pa ọmọ Dáfídì kejì, ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó kọ ìtàn wọ̀nyí sílẹ̀ kò fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ rere. Ó gbé ọgbẹ́ náà síta kí a lè rí i.

Èyí tí ó le jù ni ti àìrọ́mọbí, tàbí ti ẹni tí kò bí ọkùnrin. N kò fi omijé àwọn tí ń wá ọmọ ṣeré. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ara ọkọ ni ìṣòro náà wà. Síbẹ̀, ìyàwó nìkan ni a ń rán lọ fún àyẹ̀wò. Ní ti ọmọkùnrin, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ẹ̀dá mọ̀ pé láti ara bàbá ni ohun tí ń sọ ọmọ di akọ tàbí abo ti ń wá. Ọkùnrin tí ó kọ aya rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé obìnrin nìkan ni ó ń bí, ẹ̀bi ara rẹ̀ ni ó dì lé obìnrin lórí.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀run nìkan. Láti ìgbà tí Òfin Ìgbéyàwó ti dé Èkó ní 1884 ni ìgbéyàwó irú èyí ti ní agbára lábẹ́ òfin. Nínú ẹjọ́ Cole tí a dá ní Èkó ní 1898, arákùnrin olóògbé fẹ́ gba ogún gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ilé ẹjọ́ ní bẹ́ẹ̀ kọ́, opó tí ó gbé ní ìlànà onígbàgbọ́ àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ni ín. Ní ìlànà àṣà, opó kì í jogún ọkọ. Ẹ wá wo iye tí ẹ̀jẹ́ náà ń jẹ́ fún obìnrin! Ẹni tí ó sì gbé aya lábẹ́ òfin yìí tí ó tún lọ gbé òmíràn ní ìlànà ìbílẹ̀ ti ṣẹ̀ sí òfin. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni a kọ sílẹ̀ fún un. Nítorí náà obìnrin kejì kì í ṣe aya rárá lójú òfin, bí ó ti wù kí ó sìn ín pẹ́ tó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, nítorí òfin ilẹ̀ wa, láti 1979, kò gbà kí a fi ìyà jẹ ọmọ nítorí ọ̀nà tí a gbà bí i. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ yóò jáde lọ́wọ́ òfo. Obìnrin méjì ni ọkùnrin kan rẹ́ jẹ, ó sì kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ bá ara wọn ní kóòtù.

Àwa tí a wà ní yunifásítì ńkọ́? Kí a má ṣe nà ìka sí ìgboro nìkan. Olùkọ́ tí òrùka wà ní ìka rẹ̀, tí ó ń fi máàkì dẹ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, kí ni ó yàtọ̀ sí olè? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń darí àdúrà ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì ti ṣèlérí ìgbéyàwó fún ọmọbìnrin méjì, ilé wo ni ó ń múra láti kọ́? Ẹ̀jẹ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó lè dà á nínú iyàrá yóò dà á ní ọ́fíìsì, yóò dà á nídìí òṣùwọ̀n, yóò dà á níbi tí a fi owó ìlú pamọ́ sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Èkínní, kí ìjọ má ṣe so ẹnikẹ́ni pọ̀ láìjẹ́ pé ìwé ẹ̀rí láti ọ́fíìsì ìgbéyàwó wà lórí tábìlì. Àdúrà ìbùkún lásán kò lè gba opó là ní kóòtù. Èkejì, kí a má ṣe fi ẹni tí ó da ẹ̀jẹ́ ní gbangba ṣe àgbà ìjọ, iye yòówù kí ó fi sínú igbá. Ẹ̀kẹta, kí gbogbo ọkọ kọ ìwé ìhágún nígbà tí ara wọn ṣì le, kí ìyàwó sì mọ ibi tí ó wà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, kò sí ẹni tí ó fi ipá mú yín dé ojú pẹpẹ. Bí ọkàn yín kò bá lè gbé e, ẹ sọ òtítọ́ fún ọmọlọ́mọ kí ẹ tó mú un kúrò nílé bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ náà, ẹ san án.